Ọjọ́ tí Pátíṣàn Wọ Àgbàlá Wa

N kò lọ sílé ìwé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún ẹnu mi ṣe. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tó ti bọ́ sẹ́nu mi láìmọ̀ pọ̀: búrẹ́dì, tọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan ló wà tí àyà mi máa ń já bí mo bá gbọ́ ọ. Pátíṣàn.

Wọ́n ní pínpín ló ń jẹ́. Mo ní rárá o, mo mọ pínpín. Bí a bá pa ẹran Iléyá ní Kemta níbí, a ó pín in, ẹnu gbogbo ilé á máa dán. Ohun tí a bá pín, kálukú á rí jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pátíṣàn, ògiri ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Èmi àti ìyálé mi la jọ wà nílé ọkọ wa. Àdìrẹ là ń ṣe, àgbàlá kan náà la ti ń rẹ aṣọ láró. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo wọlé ọkọ. Ìkòkò méjì la máa ń gbé léra. A lu ìdí ti òkè, a kó eérú sí i. Omi tí a bá dà sórí eérú á máa kán sínú ti ìsàlẹ̀. Omi yẹn la ó rẹ èlú sí kó tó di aró. Ti òkè láìsí ti ìsàlẹ̀, àpáàdì lásán ni.

Lẹ́yìn tí ọkọ wa kú, ọmọ ìyálé mi ọkùnrin, tó ń wa tírélà sìmẹ́ǹtì l'Éwékorò, gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní ilé yìí yóò gba pátíṣàn. Ọmọ tèmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyálé mi ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ìdí igi ni, Ìyá, a ó pín in ní ìyá-ìyá. Ẹ̀yin àti ọmọ yín lápá ibí, Ìyá Kékeré àti ọmọ tiwọn lápá ọ̀hún."

"Ṣé à ń jà ni?"

"Ẹ ò jà, Ìyá. Kí ìjà má baà dé lọ́la ni."

"Hẹn-ẹn. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ o."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyálé mi kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà gba àárín àgbàlá kọjá, ó lọ́ láàárín àwọn ìkòkò wa bí ejò tó ń wá ihò. Ìgbà tó kan ìkòkò, ọmọ ìyálé mi, ọkùnrin tí kò rẹ aṣọ rí, ló ń pín in. Gbogbo èyí tí a lu nídìí bọ́ sọ́dọ̀ ìyálé mi, gbogbo èyí tó ń gba omi bọ́ sọ́dọ̀ mi.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, tọkọtaya lẹ yà yẹn o."

Ọmọ mi ní, "Mọ̀mí, iye wọn dọ́gba."

Ògiri búlọ́ọ̀kù náà ga ju orí mi lọ. Ẹnu ọ̀nà ìyálé mi wá kọjú sí òpópónà kejì. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àfi kí n yí gbogbo àdúgbò po, orúnkún mi kò sì gbà á mọ́. Nítorí náà, bí mo bá kírun àsùbáà tán, mo máa ń fi igi aró kan ògiri. "Ẹ kú àárọ̀ o, ìyálé mi!" Àwọn náà á kàn án padà. "Ìyàwó mi, ṣé o jí?" Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Ohùn wọn ń rẹlẹ̀ sí i. Èmi rò pé ògiri ló ń nípọn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo kan ògiri, n kò gbọ́ èsì. Mo tún kàn án. Mo wá gbọ́ nǹkan kan tó ń ha ilẹ̀ lódì kejì, bí ẹní tí wọ́n ń wọ́. Mo figbe ta. Ọmọ mi sáré yí po lọ, ó sáré padà dé: àgádágodo wà ní géètì. Ọmọ ìyálé mi ti tì í mọ́ wọn nítorí olè, ó ti wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ láti ìdájí. Mo ní kó gbé òòlù. Ògiri tí òun náà bá wọn mọ, òun ló ń fọ́ ọ, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyálé mi wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àfọ́kù ìkòkò, eérú bò wọ́n dé irun. Wọ́n ti ra ìkòkò ìsàlẹ̀ tuntun, wọ́n sì fẹ́ dá gbé ti òkè lé e. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Itan wọn ti kán.

Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "O pẹ́ o, ìyàwó."

Wọn kò tíì dìde títí dòní. Ihò yẹn ni mo ń gbà lọ bọ́ wọn, tí mo ń gbà lọ wẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn ní lọ́yà ti parí ọ̀rọ̀ pátíṣàn, kò ṣeé yí padà. Òun á gba ọmọbìnrin kan tí yóò máa tọ́jú wọn. Búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀ létí ihò náà, wọ́n ti fi tapólì bo sìmẹ́ǹtì. Sátidé ni bíríkìlà ń bọ̀ wá dí i.

Láàárọ̀ yìí, mo gba ibẹ̀ wọlé láìkan nǹkan kan. Ìyálé mi la ojú.

"Máa kan ògiri kó o tó wọlé, ìyàwó mi," ni wọ́n wí. "Kí etí mi má baà gbàgbé ẹ."