Aṣọ Tí Fààyèsílẹ̀ Gé

Ìyá aránṣọ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fààyèsílẹ̀. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ló fún un. Ó ní láti gé aṣọ kó tó rán an, ìyẹn ò sí nínú àríyànjiyàn, àmọ́ bó bá ti rán an tán, sísọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Gbogbo aṣọ tó bá ṣẹ́ kù lójú rírán, á ká a sínú, á fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí oníbàárà bá ráhùn pé ó ki lára òun, á yọ awò ojú rẹ̀, á ní, "Ara èèyàn kì í ṣe igi. Ó ń sanra, ó ń rù. Lọ́jọ́ tó o bá sanra, ọ̀dọ̀ ta lo ti fẹ́ wá aṣọ náà kún?" Wọ́n wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí Fààyèsílẹ̀ bá rán ṣẹ́ẹ̀tì fún, ó ti ní ṣẹ́ẹ̀tì, ọmọ rẹ̀ náà sì ti ní tirẹ̀ nínú.

Ara ọmọ tirẹ̀ ló ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin, ọmọ ọ̀hún sì tóbi láti kékeré. Ẹ̀wù tó bá a mu lónìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa fún un lọ́rùn. Nígbà tó dàgbà, ó ga, ó sì fẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń kun ilé lọ́dà bá sọ ọ́ ní Àjànàkú. Bó bá ń gun àkàbà, àwọn tó dúró nísàlẹ̀ á dì í mú, wọ́n á tún máa gbàdúrà. Ìyá rẹ̀ á máa tú ojú rírán, á máa fẹ aṣọ, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Bó bá jẹ́ pé ìgbéraga nìyẹn, kó jẹ́ ìgbéraga. Ìyá wo ni kì í yangàn nídìí ọmọ tó jẹun tó yó?

Àìsàn wá dé. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ibà, ìgbà tó yá ó kọ̀, kò lọ. Wọ́n dá Àjànàkú dúró sílé ìwòsàn. Òjò rọ̀ títí ó dá, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, ó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ á ránṣọ láàárọ̀, á lọ jókòó tì í lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan dókítà pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, dókítà sì sọ̀rọ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn ti ṣe gbogbo ohun tí agbára àwọn ká. Ó ní kí ìyá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé, kó wà láàárín àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, àwọn á fún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó jẹ̀rora. Etí ìyá ò di, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún, "mú un lọ sílé" nìkan ló mú dání. Ìyókù, ó fi í sílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tó padà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣe bí ẹni ń tún aṣọ ìbora ọmọ rẹ̀ ṣe, ó sì dọ́gbọ́n fi ọwọ́ méjèèjì wọn ìbàdí rẹ̀. Aránṣọ tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ ò nílò téèpù. Ọwọ́ rẹ̀ tètè pàdé ara wọn ju bó ṣe rò lọ. Ó ní òun ń lọ bomi, ó sì lọ sunkún nídìí ẹ̀rọ omi.

Bó ṣe délé, ó ṣí àpótí aṣọ ọmọ rẹ̀, ó jókòó sídìí máṣíìnì. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí ọmọ náà bá délé, tó wọ aṣọ ara rẹ̀, tí aṣọ wá ń fì lára rẹ̀, ìbànújẹ́ á ṣe é ní jàǹbá kí àìsàn tó ṣe é. Nítorí náà ó fún gbogbo rẹ̀ wọlé, ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, títí kan aṣọ iṣẹ́ tí ọ̀dà ti gan mọ́ lára. Kò gé ohunkóhun kúrò. Ó ká aṣọ sínú, ó tún un ká, ó rán an, ó tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń ká a ló ń bá a sọ̀rọ̀ bíi pé aṣọ létí: "Ó ń bọ̀ wá sanra. Ó ń bọ̀ wá kún inú yín."

Bàbá Oníbàtà, tó ń tún bàtà ṣe nínú ìsọ̀ tó kángun sí tirẹ̀ níwájú ilé, ló bá a lọ gbé ọmọ náà. Nígbà tí takisí dúró sẹ́nu ọ̀nà, bàbá yìí ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé Àjànàkú. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́ sókè. Kò sí ohun tó wúwo níbẹ̀. Ó gbé e wọlé, kò sì lè wo ojú ìyá rẹ̀.

Nínú yàrá, ọmọ náà bọ́ aṣọ ilé ìwòsàn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Èjìká bọ́ sí èjìká, ọrùn bọ́ sí ọrùn.

"Màámi, ẹ wò ó. Ó bá mi mu."

"Kí ló fẹ́ dé tí kò fi ní bá ẹ mu? Ṣé aṣọ ẹlòmíì ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà láti abíyá dé ìbàdí, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ rò pé ayọ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, ó ń gbé e jókòó sórí àga gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Ọmọ á máa bá a fi òwú sínú abẹ́rẹ́ bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré. Síbí ìrẹsì kan ló lè jẹ, ìyá á ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń yọ." Bàbá Oníbàtà gbọ́ ọ títí, ó sú u. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ sùn lọ, ó wọlé wá.

"Ìyá Àjànàkú, kí ni dókítà sọ gan-an?"

"Ó ní kí n mú un wálé."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin."

"Bàbá Oníbàtà, ẹ lọ lẹ bàtà yín."

Bàbá náà lọ.

Àmọ́ ọmọ ò gbádùn ìjókòó. Á fì sápá ọ̀tún, á fì sápá òsì, bí ìyá bá bi í, á ní ìjókòó ló sú òun. Ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni wẹ òun. Orí àpótí kékeré ló ti ń jókòó wẹ̀, á sì ti ilẹ̀kùn. Ìyá ní ojú ló ń tì í, ọkùnrin tó ti dàgbà ni.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, kò lè dìde mọ́. Ìyá gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn rẹ̀. Ó rí ìlà pupa kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, láti abíyá dé ìbàdí. Níbi egungun ìbàdí, awọ ti bó. Kò sí ẹran kankan mọ́ láàárín egungun yẹn àti aṣọ kíki tó ká síbẹ̀. Ìyá mọ ìlà náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló rán an.

"Ìgbà wo lo mọ̀?" ó bi í.

"Ọjọ́ tí mo délé ni. Èmi tí mo ti ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ fún yín látìgbà tí mi ò tíì ga tó máṣíìnì, ṣé mi ò ní mọ ojú rírán tí wọ́n ká lẹ́ẹ̀mejì ni?"

"O wá dákẹ́? O jẹ́ kó máa bó ẹ lára?"

"Tí mo bá sọ, ẹ máa ní láti gé e ni, Màámi."

Ìyá rẹ aṣọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fi í kan ìlà náà.

"Dókítà bá èmi náà sọ̀rọ̀," ọmọ ní. "Mi ò ní sanra mọ́."

Ìyá bá wólẹ̀ síbi tó wà, ó fi aṣọ bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó ti fi ìrètí pa ọmọ rẹ̀ lára, ọmọ sì ti fara dà á kí ìrètí má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ na ọwọ́, ó gbé e lé e lórí, ó jẹ́ kó sunkún tó.

"Mo máa tú gbogbo rẹ̀," ìyá ní nígbà tó yá. "Mo máa fẹ̀ ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò ní kàn ẹ́ lára mọ́."

"Rárá o. Mi ò fẹ́ sọnù sínú ẹ̀wù Àjànàkú. Ẹ wọ̀n mí. Téèpù ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n mí, kí n máa wò ó. Ẹ wá rán tèmi fún mi."

Ìyá mú téèpù wá. Ó wọn ọrùn, ó wọn èjìká, ó wọn àyà, ó wọn ìbàdí, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń ka nọ́ńbà sí i létí. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó tú ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó sì mú sísọ́ọ̀sì. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún un mú. Nígbà tó gé e, Bàbá Oníbàtà gbọ́ ọ láti ìsọ̀ kejì, ó dá òòlù dúró. Ìyá gé gbogbo ààyè náà kúrò, ó sì fi ọwọ́ rán etí rẹ̀ wẹ́wẹ́ kó má bàa ha ọmọ lára.

Ìrépé aṣọ kún ilẹ̀. Ó fẹ́ gbá a, ọmọ ní kó má dà á nù. Ìyá fi í kún àpò kékeré kan, ó rán ẹnu rẹ̀ pa, ó fi í sábẹ́ egungun ìbàdí ọmọ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ọmọ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sùn, oorun náà sì wọ̀ ọ́ lára.

Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìyá yìí ti sọ ọ́ rí nílé àwọn ẹlòmíì láìrò ó. Ní báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ ọ́ nínú ìsọ̀ rẹ̀, á bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ó ṣì ń fi ààyè sílẹ̀ fún oníbàárà, wọ́n ṣì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Aṣọ kan ṣoṣo ló gé ààyè rẹ̀ kúrò láyé rẹ̀. Ó bá ọmọ rẹ̀ mu wẹ́kú, òun náà ló sì wọ̀ nígbà tó ń lọ.