Ajá Tí Bàbá Mi Sọ Ní Ìlara

Òjò ìdájí ọjọ́ Sátidé tó kọjá ló pa ajá kan ládùúgbò wa ní Ẹ̀gbẹ́dá níbí, ló bá sá wọ ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, ó gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì, òórùn irun ajá tútù sì gba gbogbo ilé. Délé, ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà máa tó ní tòun, pé òyìnbó kan tó máa ń gbé mọ́tò rẹ̀ wá ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá òun ní Ìkẹjà fẹ́ fún òun ní ọmọ ajá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bíígù, elétí gbọọrọ, aláwọ̀ mẹ́ta. Ohun tó bi mí kò ju kí ni wọ́n máa ń jẹ. Mo ní kò sí ohun tí wọn kì í jẹ, títí kan ọṣẹ. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí mo fi dìde. Mo wọ yàrá lọ.

Délé, àti ẹ̀yin tí ẹ ò tíì gbọ́njú nígbà náà, ìdí rẹ̀ nìyí.

Ìkòtún là ń gbé nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Oko ẹ̀gẹ́ pọ̀ ju ilé lọ. Tí ẹ bá dúró lẹ́yìnkùlé wa, ẹ ó máa gbọ́ àparò nínú koríko títí lọ lápá ọ̀nà Ìgàndò, ẹ ó sì máa gbọ́ típà tó ń kó yanrìn kọjá látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí kò sẹ́ni tí kò kọ́lé. Òórùn sìmẹ́ńtì ni òórùn ìgbà èwe mi. Bàbá mi ń wa mọ́tò fún òyìnbó ẹnjiníà kan tó ń ṣe títì. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílùú rẹ̀, ó fa ajá rẹ̀, bíígù bíi ti Délé yìí, lé bàbá mi lọ́wọ́.

Bàbá Ràímì, káfíńtà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló múlé tì wá. Òun ló kan òrùlé wa. Ìyàwó rẹ̀ àti ìyá mi ń fa omi nínú kànga kan náà, èmi àti Ràímì ọmọ rẹ̀ sì ń jẹun nínú àwo kan. Ó ku díẹ̀ kí ajá yìí dé ni ẹnìkan gbé ọ̀rọ̀ wá pé Bàbá Ràímì sọ níbi iṣẹ́ pé ilé tí wọ́n bá fi ìkánjú kọ́, ìkánjú náà ló máa wó o. Bóyá ó sọ ọ́, bóyá kò sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bi í. Bàbá mi gbà pé ilé wa ló ń jowú, ṣùgbọ́n kò bá a jà. Ó ṣe bí àwọn àgbà ìlú wa ti máa ń ṣe: ó fi ajá ránṣẹ́. Orúkọ tí òyìnbó ń pè é kò yí lẹ́nu wa, ló bá sọ ọ́ ní Ìlara-ń-pa-wọ́n. Àwa ọmọdé gé e kù sí Ìlara.

Ẹni tí wọ́n bá fi orúkọ ajá bá wí ò lè bínú. Tó bá bínú, wọ́n á ní ajá làwọn pè, kí ló kàn án? Láràárọ̀, bàbá mi á dúró létí ògiri, á ní Ìlara ò jẹ́ kí òun sùn, Ìlara ti yọjú kiri jù, kí Ìlara lọ jókòó jẹ́ẹ́. Èmi náà mọ̀ ọ́n pè. Tí ìyá Ràímì bá ń fa omi lọ́wọ́, ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń pè é ketekete, kí bàbá mi lè rẹ́rìn-ín. Ìyá mi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ń rò pé ajá lẹ̀ ń pè.”

Ajá náà fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìlara. Bàbá mi rò pé á máa ṣọ́lé, ṣùgbọ́n àlejò tó bá wọlé, ńṣe ló máa ń yí ikùn sókè fún un. Olè ì bá bá a ṣeré kó tó kó ẹrù. Kì í gbó bí àwọn ajá wa. Á na ọrùn, á fa ohùn gùn bí ẹni ń ké pe ará oko, gbogbo ìgboro á sì gbọ́. Etí rẹ̀ tó já wálẹ̀ máa ń rùn tí a kò bá nù ún. Ó jí ẹ̀kọ jẹ tewétewé. Èyí tó burú jù ni pé kò lè dá wà. Inú agbo ni wọ́n ń tọ́ irú rẹ̀, kó máa fi imú tọ ipasẹ̀ ehoro pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa so ó mọ́dìí ìbẹ́pẹ. Bàbá mi á lọ síbi iṣẹ́, ìyá mi á lọ sọ́jà, àwa á lọ síléèwé, òun á wà lórí okùn, á máa ké.

Ràímì ló máa ń wá jókòó tì í. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ itọ́ ajá fún un, nítorí náà á wẹ ọwọ́, á wẹ ẹsẹ̀ létí kànga kó tó wọlé, bíi pé ìrun Jímọ̀ ló fẹ́ lọ kí. Kò pe orúkọ ajá náà rí. Á kàn jókòó, ajá á gbé orí lé e lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́, wọ́n ń sun igbó lápá Ẹgàn, àwọn ọ̀yà ń sá kiri. Ó ní láti jẹ́ pé atẹ́gùn gbé òórùn wọn wá. A ti iléèwé dé, okùn nìkan la bá.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ràímì wọ àgbàlá wa. Kò tẹ ibẹ̀ rí láti ìgbà tí ajá ti dé. Ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, pátákó wà lórí rẹ̀. Kò jókòó.

“Bàbá Fúnkẹ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo rí ajá yín lọ́sàn-án, lọ́nà Ìgàndò.”

Bàbá mi ní, “Ẹ rí i, ẹ ò sì mú un wálé?”

“Ó ń fi imú tọ ilẹ̀ lọ láàárín títì, típà sì ń bọ̀. Pátákó ò jẹ́ kí n lè sáré. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó mọ̀ mí. Ká ní mo pè é ni, ì bá wá.” Ó wo okùn tó wà nídìí ìbẹ́pẹ. “Orúkọ kan ṣoṣo lẹ fún un. Ṣé kí n dúró lójú títì, kí n máa ké pe ìlara pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi? Mo la ẹnu, kò jáde. Nígbà tí típà náà kọjá, mi ò rí i mọ́.”

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tiwa ì bá gbọ́. Ẹnu tó yẹ kó fọn fèrè la ti dí.

Bàbá mi dìde. Ó wọ bàtà, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Bàbá Ràímì tú pátákó sílẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wa. Bàbá mi ń pè é lọ lójú ọ̀nà, “Ìlara o! Ìlara!” Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń yà fún un. Obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ahéré bi í pé, “Bàbá, ta lẹ̀ ń bú?” Bàbá mi ní ajá lòun ń wá. Obìnrin náà ní, “Ẹ tún ilé tiyín wò dáadáa jàre, Ìlara ò sí lọ́dọ̀ tiwa.” Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi tún pè é, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń pè é bí ẹni ń tọrọ nǹkan.

Ẹ̀gbẹ́ títì la ti rí i, níbi tí yanrìn ti dà sílẹ̀ lára típà. Ó ti kú. Imú rẹ̀ ṣì kọjú sí igbó.

Bàbá Ràímì ló tú àpò ìdọ̀họ tó fi ń di irinṣẹ́ rẹ̀, tó fi wé e. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e, torí mo mọ̀ pé ẹ̀sìn rẹ̀ ò fẹ́ kó fọwọ́ kan ajá. Ó ní, “Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Omi wà nílé.” Ó gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ó ń tì í lọ.

Wọ́n gbẹ́lẹ̀ fún un lẹ́yìnkùlé. Ó yẹ kí èèyàn sọ nǹkan fún ajá rẹ̀ kó tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Bàbá mi la ẹnu, ó wo Bàbá Ràímì, ó pa ẹnu dé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sin ín láìpe orúkọ rẹ̀.

Bàbá mi ò bẹ̀bẹ̀. Bàbá Ràímì náà ò sì ní kó bẹ òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ràímì dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní bàbá òun ò jẹun, pé ó ń sọ pé òun lòun pa ajá náà. Ó wá bi mí pé, “Ṣé òun ni?” Mo mọ èsì rẹ̀. Mo ní ká máa lọ, iléèwé ti fẹ́ wọlé.

Àwọn Ràímì kó kúrò ládùúgbò kí òjò tó dé. Bàbá Ràímì ti ṣaláìsí báyìí. Èmi àti Ràímì máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a ń kí ara wa, a ń bèèrè ilé, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Ilé ti bo ilẹ̀ tí àparò ti ń ké ní Ìkòtún. Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ ajá bá ẹlòmíràn wí mọ́ ládùúgbò tiwa. Orúkọ òyìnbó ni wọ́n ń sọ ajá. Ṣùgbọ́n ajá ò tíì yí padà. Ohun yòówù tí èèyàn bá pè é, á gbà pé ìfẹ́ ni, á sì máa bọ̀.

Délé, lọ gbé e wá tó bá wù ọ́. Rí i pé ẹnìkan á wà nílé tì í, má so ó mọ́lẹ̀, máa nu etí rẹ̀. Kí o tó sọ ọ́ lórúkọ, kọ́kọ́ wo gbogbo àwọn tó yí wa ká, ilé dé ilé, kí o fún un ní èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè pè lójú títì.