Mo Tẹ̀lé Ọkọ Mi Lọ Sódò Abẹ́ Dáàmù

Aago márùn-ún ìdájí Sátidé la kúrò nílé wa ní Goresbrook, níhìn-ín ní London. Bàbá Tómi, ọkọ mi, ti rò pé oorun á gbé mi lọ. Nígbà tó jáde, inú mọ́tò ló bá mi, mo ti de bẹ́líìtì. Oṣù mẹ́ta gbáko ló ti ń lọ pẹja ní gbogbo Sátidé, kò sì gbé ẹja wálé rí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi dá sí i: apẹja wo nìyẹn? Obìnrin ni mo fura sí.

A gba títì A13, a bọ́ sí North Circular, a já sí ọ̀nà márosẹ̀ M1. Epo tó rà tó ọgọ́ta pọ́n-ùn, bẹ́ẹ̀ adágún ẹja wà ní Dagenham tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sílé wa.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ kì í fi í lọ síbi tó wà nítòsí?"

"Ibẹ̀ ti quiet jù," ló wí, ó sì yí rédíò sókè.

Mo ní hẹn-ẹn. Níbi tí a ti dúró lójú ọ̀nà, pọ́n-ùn mẹ́rin ni wọ́n ń ta ife tíì kan. Mo ṣí mọ́ín-mọ́ín tí mo gbé dání. Bó ṣe lọ tọ̀, mo gbóòórùn jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó fi sílẹ̀. Òórùn ẹja ni, ẹja tí kò gbé wálé rí. Ìyẹn gan-an tún mú mi fura sí i.

Ní Chesterfield a yà kúrò ní M1, a wọ àárín òkè Derbyshire. Yìnyín funfun bo koríko, òkúta lásán ni wọ́n fi ṣe ọgbà àgùntàn, kò sí sìmẹ́ńtì níbẹ̀. A yà sí ilé oko kan láti ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpẹja, pọ́n-ùn méjìdínlógún fún ọjọ́ kan. Obìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn.

"Morning, me duck! Same spot?" ló wí fún ọkọ mi.

Pẹ́pẹ́yẹ mi! Obìnrin àjèjì ń pe ọkọ mi ní pẹ́pẹ́yẹ òun! Mo wò ó látòkèdélẹ̀: yóò tó ẹni ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní, "And you, me duck, you must be frozen." Àṣé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀ n kò tújú ká.

Dáàmù náà ga, ògiri òkúta tí wọ́n fi sé odò. Omi ń tú jáde nídìí rẹ̀ pẹ̀lú ariwo tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé etí ọkọ mi ni mo ń pariwo sí. Omi náà mọ́ gaara, òtútù rẹ̀ sì ń ta mí lẹ́sẹ̀ nínú bàtà. Bàbá Tómi wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà, ó wọnú odò. Kò pẹ́ tó fi mú ẹja kan tí wọ́n ń pè ní gírélìn, tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ga. Mo ti ń ro ata ọbẹ̀ nígbà tó tú ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó sì dá a padà sómi.

"Yéè! Ẹ ti da ọbẹ̀ nù!"

"Òfin ibí ni. Catch and release: o mú un, o tún dá a sílẹ̀."

Ta ló ń wakọ̀ wákàtí mẹ́ta láti wá kí ẹja? Mo ní òtútù ń mú mi, mo ń lọ sínú mọ́tò. Ẹ̀yìn igi ni mo lọ dúró sí.

Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo yọ́ sún mọ́ ọn títí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ ariwo omi: "Mọ́ọ̀mi! Mọ́ọ̀mi o!" Ọkọ mi ń sunkún bí ọmọdé.

Ìyá rẹ̀ kú lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Orí fóònù la ti wo ìsìnkú tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún nílé, nínú pálọ̀ wa níhìn-ín. Nígbà tí omi bọ́ lójú rẹ̀, èmi ni mo sọ pé, "Òkú àgbà kì í ṣe òkú ẹkún. Ẹ nu ojú, ẹ dúpẹ́." Àwọn ará ìjọ wa sì ṣe àmín.

Ó yíjú, ó rí mi.

"Gbogbo yín lẹ ní kí n máa dúpẹ́," ló wí. "Ìyá mi ló kú, Ìyá Tómi. Níbí, nobody hears me."

Ojú tì mí. Mo wọ omi dé ọrùn ẹsẹ̀ láti lọ dì í mú.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ la délé. Ohun tí mo kọ́ ni pé oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bi í léèrè ibi tó ń lọ, n kò bi í léèrè ohun tó ń ṣe é.

"Ṣé wàá tún bá mi lọ ní Sátidé?" ló bi mí lẹ́nu ọ̀nà.

"A ò lọ síbì kankan. Ilé yìí lẹ ó ti sunkún."

"Neighbours ńkọ́?"

"Ẹ sáà máa sunkún yín. Èmi ni màá máa pariwo bí omi dáàmù yẹn."