Jerúsálẹ́mù tí Wúrà Kò Dé

"Olówó orí mi, Lọ́ńdọ̀nù ti sú mi. Jerúsálẹ́mù ni kí o mú mi lọ lọ́dún yìí."

Ọ̀rọ̀ tí Wúrà sọ kẹ́yìn fún Jíbọ́lá ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Wọn ò ní ìwé ìrìnnà. Tí àyájọ́ ìgbéyàwó wọn bá ti pé, Wúrà á fa ọkọ rẹ̀ láti Oǹdó lọ sí ilé fọ́tò kan l'Ákùúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ya Lọ́ńdọ̀nù, Jerúsálẹ́mù àti àwọn ìlú òkèèrè mìíràn sára aṣọ ìkélé. Á dúró níwájú Lọ́ńdọ̀nù, á máa nàka sí afárá bí ẹni tó ti gbabẹ̀ kọjá rí. Láti ìgbà tí ìrẹsì ti di ohun tí à ń fojú wò, fàájì kan ṣoṣo tó kù fún un nìyẹn.

Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ń fi Jíbọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ará Lọ́ńdọ̀nù, òtútù ọ̀hún ńkọ́?"

Ojú tì í. Ó dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn pé, "Aṣọ lásán ni. Mi ò lọ mọ́."

Wúrà wọlé lọ sùn, kò sì jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Jíbọ́lá rí àǹkárá àwọn méjèèjì nínú bàsíà lẹ́yìnkùlé. Wúrà ti rẹ wọ́n sómi de ìrìn àjò náà. Omi ti ń rùn. Ó fa àpótí, ó jókòó. Ti Wúrà ló kọ́kọ́ fọ̀.