Keziah Fàáké Kọ́rí Lórí Oòrùn Oṣù Kejìlá

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni Keziah Adékọ̀yà ní Kétu. Lọ́dún 2008, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi máàpù wá oòrùn: á kó gíga ilé gbogbo àdúgbò sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á ṣírò iye oòrùn tí yóò kan òrùlé kọ̀ọ̀kan, láti oṣù dé oṣù. Àwòrán òfúrufú kì í fi gíga ilé hàn. Ló bá fẹsẹ̀ rìn láti Ìkòsì dé Alápẹ̀rẹ̀, ó ń wọn òjìji ilé, àwọn onílé sì ń lé e kiri pé ó fẹ́ wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé àwọn fún wíwó.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ń ba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ́ nílé ìgbẹ̀bí ìjọ wọn, ni ìjọ bá ra sólà fún fìríìjì. Nínú oṣù keje, Alàgbà Elkanah gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó da òróró sórí òrùlé ilé ìgbẹ̀bí, ó ní ibẹ̀ ni Olúwa fi han òun pé kí wọ́n gbé sólà náà sí. Ó ku kí Keziah fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onímọ̀.

"Ibẹ̀ kọ́, sà," ni Keziah wí níwájú kọmití iṣẹ́ náà, tí òun náà wà nínú rẹ̀. "Àríwá ni oòrùn ń gbà báyìí. Tó bá di oṣù kejìlá, gúúsù ló máa gbà, pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àlàájì Sàká tó wà níhà gúúsù á sì fi òjìji bo òrùlé yẹn."

"Èmi tí mo dúró síbẹ̀ lọ́sàn-án àná, tí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi lórí!" ni Alàgbà dáhùn. "Sisí Máàpù, kọ̀ǹpútà ti wá ju Ẹ̀mí Mímọ́ lọ ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé o tiẹ̀ gbàdúrà sí i?"

"Mo gbà á, sà. Mi ò gbọ́ ohùn kankan."

Ọ̀rọ̀ náà dun Keziah fúnra rẹ̀, torí ó ti pẹ́ tó ti ń gbàdúrà tí kò gbọ́. Síbẹ̀ kò kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

"Ọlọ́run ló dá oòrùn, Òun ló la ọ̀nà fún un. Mi ò ní fi orúkọ Rẹ̀ fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣòótọ́."

"A ó yọ ọ́ ní kọmití."

"Ẹ ṣé, sà."

Ni Mummy Catherine, olórí agbẹ̀bí, bá dìde. "Keziah, òrùlé wo ló máa rí oòrùn tí ọdún á fi yí po?"

"Ti ilé ìdáná, mà."

"Ẹ gbé e síbẹ̀. Èmi ni mò ń gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́. Mi ò ní gún wọn ní omi lásán nígbà Kérésìmesì."

Ilé ìdáná ni wọ́n gbé e sí. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n kà á sétí ìjọ pé wọ́n ti yọ Keziah ní kọmití. Ìjókòó iwájú ló wà. Kò sorí kọ́. Bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.