Áńdù Tó Tu Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Lára

Bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe máa ń gbọn ìka ni mo fi ń rántí wọn. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn láti Àkúrẹ́ lọ bá ìyàwó wọn l'Óǹdó. Áńdù rẹ̀, irin tí wọ́n ń dì mú bí wọ́n ṣe ń gùn ún, rẹlẹ̀ jù, ọwọ́ wọn á ti kú kí wọ́n tó dé.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ìlú le, àlòkù nìkan ló wà lọ́jà. Wọ́n á di áńdù kan mú, wọ́n á dijú: "Ara mi ò gbà á."

"Bàbá, áńdù ti ń tán o," ni ọlọ́jà wí.

Wọ́n padà rí èyí tó ga, tó sì fẹ̀. Ara tù wọ́n títí dé Oǹdó, àmọ́ áńdù náà kò jẹ́ kí ọ̀kadà gba ẹnu ọ̀nà wọlé, bẹ́ẹ̀ olè pọ̀ níta.

"Ẹ yáa tú u," ni ìyàwó wọn wí.

Láti ìgbà náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi ìbínú tú nọ́ọ̀tì tó de áńdù náà lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó kí ìyàwó wọn.