Ààwẹ̀ Nítorí Oògùn Àtọ̀gbẹ

Tí òjò bá rọ̀ ní Ikpoba Hill nílùú Benin, òórùn ilẹ̀ pupa a gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀ṣì àwa ọmọ Yorùbá, a sì borí òórùn àbẹ́là. Òórùn yẹn ló ń rán mi létí Ìyá Ìjọ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, títí dòní. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn fínra. Oògùn tí ìjọba ń san owó rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ bí èèyàn ò bá jẹun, a máa fa ṣúgà ara wálẹ̀ jù. Oògùn tuntun kan wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára tálákà.

Èmi tí mo jẹ́ apoògùn nílé ìwòsàn ìjọba wà lára àwọn tí wọ́n pè láti pinnu bóyá kí ìpínlẹ̀ máa san owó oògùn tuntun náà. Nígbà tí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́, wọ́n kéde ààwẹ̀ fún ọjọ́ ìpàdé. Mo bẹ Màmá kí wọ́n má bá wọn gbà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ lọ sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba, èmi á sọ tèmi níwájú Ọlọ́run."

Níbi ìpàdé, mo rojọ́ títí ọ̀fun mi gbẹ. Alága, dókítà àgbà kan, fi sùúrù dá mi lóhùn: "Owó tó máa ra oògùn tuntun yìí fún ẹnì kan á ra ti àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn wo ni ká lé padà sílé?" Inú bí mi, nítorí òótọ́ ló sọ. Wọn ò gbà. Mi ò tíì jáde tán tí ọmọ-ọmọ Màmá fi pè mí lórí fóònù: "Aunty, Mama don fall for church o!"

Omi àdúrà ni Màmá fi gbé oògùn wọn mì láàárọ̀. Wọ́n ní oògùn kì í ṣe oúnjẹ, kò lè ba ààwẹ̀ jẹ́. Omi ṣúgà tí wọ́n fà sí wọn lára nílé ìwòsàn ló jí wọn.

"Ṣé wọ́n gbà?" ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn.

Ó wù mí kí n purọ́. "Wọn ò gbà, Màámi."

Wọ́n ní: "A á tún gbààwẹ̀ nígbà náà."

Mo bọ́ síta, mo sunkún bí ọmọdé. Títí a fi sin Màmá, ọwọ́ mi yìí náà ló ń ka oògùn àtijọ́ yẹn fún wọn lóṣooṣù, wọ́n á sì máa ṣàdúrà fún mi. Ọ̀rẹ́ mi, bí wọ́n bá ní owó ò tó, èmi kì í jiyàn mọ́. Àmọ́ mo mọ ẹni tí owó náà ò kárí.